Ìyá Onísípánà Ń Dáhùn: Ṣé Kí N Fúnra Mi Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mi nọ́ọ̀kì lóṣù tó kọjá. Omi rédíétọ̀ ló gbẹ tí n kò tètè mọ̀, mo sì ń wà á lọ títí ó fi gan. Mẹkáníìkì méjì ló ti wò ó, ohùn kan náà ni wọ́n fọ̀: kí n wá ẹ́ńjìnì mìíràn. Mo ti rí àlòkù kan tó jọ ti inú ọkọ̀ mi, àmọ́ bí mo bá ra ẹ́ńjìnì náà tán, kò ní ku owó tí mo lè san fún iṣẹ́. Mo ti fúnra mi pààrọ̀ bíréèkì rí. Mo ti tú sítátà, mo sì dá a padà. Gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ ọtòmátíìkì, ẹsẹ̀ iwájú ló sì ń fa ọkọ̀. Mo ti wo fídíò títí ojú mi fi pọ́n. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo ti ya wèrè. Ṣé ẹni tí kò ṣe é rí lè ṣe é, mà? Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà mí? Àbí kí n kúkú fi ẹ́ńjìnì tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, nígbà tí mo ti ń tú u náà?

Èmi ni, Ọwọ́-Ń-Yún-Mi

Ọmọ mi, o ò ya wèrè. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mú sípánà lọ́wọ́ jáde láti inú ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe é rí lè ṣe é, bí ó bá ní sùúrù, bí ó bá ní ibi tó tẹ́jú tó sì le nílẹ̀, bí ó bá sì ní ohun mìíràn tí yóò máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ fún bí oṣù kan. Àwa tí a fi í ṣiṣẹ́ ṣe lè parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Èyí tí mo kọ́kọ́ dá ṣe gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, bẹ́ẹ̀ mo ti lo ọdún méjì lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ nígbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé Sátidé àti Sọ́ńdè tó, bi í pé Sátidé ta ni.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló lè sọ ọkọ̀ rẹ di ilé adìyẹ. Má fi ẹ́ńjìnì tó tóbi jù sí i. Mo mọ bí ó ṣe ń dùn lójú nínú fídíò. Ohun tí fídíò kì í fi hàn ni pé sítìn ẹ́ńjìnì náà, ìyẹn rọ́bà tó jókòó lé, kò ní bọ́ sí ojú ihò tó wà lára ọkọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń gba ọ́ìlì dúró lè máa kan irin abẹ́ ọkọ̀, ẹ̀sọ́ọ̀sì yóò di ohun tí wẹ́dà ń gé tó ń jó, gíábọ́ọ̀sì rẹ lè má gbà á, rédíétọ̀ rẹ lè má lè mú un tutù. Gbogbo ìyẹn ṣì jẹ́ irin, a lè fi ojú rí i. Wáyà ńkọ́? Búréènì bọ́ọ̀sì ọkọ̀ rẹ, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnì, mọ ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo. Kọ́kọ́rọ́ rẹ gan-an, bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti òde òní, ní nǹkan kékeré kan nínú tó ń bá búréènì bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, bí wọn kò bá sì dá ara wọn mọ̀, sítátà lè máa yí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ́ńjìnì kò ní jẹ́ ẹ lóhùn. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn dáadáa wà, mo sì ń júbà wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹ́ńjìnì kan náà rọ́pò kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá kí wọ́n tó dán an wò. Ẹ́ńjìnì tó bá ọkọ̀ rẹ wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí o fi dípò. Búréènì bọ́ọ̀sì rẹ àtijọ́ ni kí o máa lò lọ.

Mo ń bọ̀ sórí “tó jọ” tí o kọ. Ọ̀rọ̀ yẹn já mi láyà díẹ̀. Ìbejì náà jọra, síbẹ̀ orúkọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n máa ń tẹ kóòdù ẹ́ńjìnì sára irin rẹ̀. Nu ìdọ̀tí ibẹ̀ kúrò, ya fọ́tò rẹ̀, ya ti inú ọkọ̀ rẹ, kí o sì fi wọ́n wé lẹ́tà sí lẹ́tà, nọ́ńbà sí nọ́ńbà. Bí kóòdù bá tilẹ̀ bára mu, àwọn sẹ́ńsọ̀, ìyẹn àwọn nǹkan kéékèèké tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣe fún búréènì bọ́ọ̀sì, lè yàtọ̀ láàárín ọdún kan sí èkejì. Gbé ẹ́ńjìnì méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o wo ibi tí ihò wà lára ọ̀kan tí kò sí lára èkejì. Sẹ́ńsọ̀ tó bá yàtọ̀, ti àtijọ́ rẹ ni kí o mú sára tuntun, tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, torí òun ni ẹnu wáyà rẹ bá mu.

Kí o tó sanwó, fi sípánà gígùn yí kìráńkì ẹ́ńjìnì àlòkù náà, ìyẹn irin tí pístínì máa ń yí, pẹ̀lú ọwọ́ kí ó pé ìyípo méjì. Bí kò bá yí, máa lọ sílé. Ṣí ìdérí ọ́ìlì rẹ̀, wo abẹ́ rẹ̀: bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti pàdé ọ́ìlì nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá pístínì kọ̀ọ̀kan. Kí nọ́ńbà náà ga nìkan kò tó. Bí mẹ́ta bá sún mọ́ra tí ìkẹrin já sílẹ̀ gan-an, ìkẹrin yẹn ni yóò bá ọ dálé.

Ìbéèrè kan wà tí o kò bi mí, òun ló sì yẹ kó ṣáájú. Kí ló gbẹ omi ọkọ̀ rẹ? Bí rédíétọ̀ ló ń jò, tàbí tí fáànù rẹ̀ kò yí mọ́, ohun tó pa ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ ṣì jókòó síbẹ̀ tó ń dúró de ìkejì. Mo ti rí ọkùnrin kan tó pa ẹ́ńjìnì méjì láàárín oṣù mẹ́ta nítorí hóòsì omi kan tó ti sán. Wá a rí, tún un ṣe, kí o tó ra ohunkóhun.

Ó dáa. Ẹ́ńjìnì ti dé, ó wà nílẹ̀. Má kánjú gbé e wọlé. Ìsinsìnyí ni kí o pààrọ̀ ọ́ìlì sìlì ẹ̀yìn kìráńkì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò), tímìn bẹ́ẹ̀tì tó bá jẹ́ onírọ́bà, pọ́ǹpù omi, tẹmọ́sítáàtì, púlọ́ọ̀gì, àti sítìn tó bá ti fẹ̀. Sìlì ẹ̀yìn yẹn, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni tí ẹ́ńjìnì bá wà nílẹ̀. Bí ó bá wọ inú ọkọ̀ tán tí sìlì wá ń jò, gíábọ́ọ̀sì ni ìwọ yóò tún sọ̀ kalẹ̀. Tímìn ni kí o bá ẹni tó mọ̀ ọ́n wò, má tijú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, bí ó bá fi eyín díẹ̀ yẹ̀, pístínì yóò gbá fáàfù, yóò sì tẹ̀ ẹ́.

Ní ti ìtú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan sípánà títí a ó fi ya àwòrán inú bọ́ńẹ́ẹ̀tì sára páálí. Kò sí fóònù tó ń ya fọ́tò nígbà náà. Páálí mi kún fún ìlà bíi ìtàkùn, ó sì máa ń fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá ń dá nǹkan padà, ó máa ń ní kí n lọ mú “ìtàkùn” wá. Ìwọ ní fóònù. Ya fọ́tò láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, láti abẹ́, kí o sì tún yà á lẹ́yìn gbogbo nǹkan tí o bá yọ. Lẹ tépù mọ́ wáyà méjì tó bá kọjú síra, kọ nọ́ńbà kan náà sí méjèèjì. Hóòsì náà bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn tínínrín tó ń fa afẹ́fẹ́, torí gbogbo wọn ló jọra, bí o bá sì so ọ̀kan ṣì, ẹ́ńjìnì yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, o ò sì ní mọ ohun tó fà á.

Bóòtù ńkọ́? Má dà wọ́n sínú abọ́ kan. Mo tún un sọ: má dà wọ́n sínú abọ́ kan! Bóòtù tó mú gíábọ́ọ̀sì mọ́ ẹ́ńjìnì kì í gùn bákan náà. Bí o bá ti èyí tó gùn bọ inú ihò tí kò jìn, tí o sì fi agbára yí i, yóò gún ìsàlẹ̀ ihò náà, irin aluminiọ̀mù yóò sán. Tí o bá yọ bóòtù kan, dá a padà sínú ihò rẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìka. Èyí tí kò bá ṣeé dá padà, fi sínú ọ̀rá, kọ orúkọ ibẹ̀ sára ọ̀rá.

Kí o tó tú wáyà kankan, orí nẹ́gátíìfù bátìrì ni kí o kọ́kọ́ yọ. Kí o tó ṣe ìyẹn pàápàá, bí ẹ́ńjìnì bá ṣì ń ṣiṣẹ́, à bá yọ fúùsì pọ́ǹpù epo, kí a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí epo má bàa ta sójú wa. Tìrẹ ti gan, nítorí náà fi èkísà yí ẹnu páìpù epo ká, wọ awò ojú, tú u díẹ̀díẹ̀, ní ibi tí iná kò sí rárá. Omi rédíétọ̀ aláwọ̀ máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Gbà á sínú ohun tó ní ìdérí, má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá débẹ̀. Pọ́ǹpù ẹ̀rọ amúlétutù, má tú hóòsì rẹ̀. Tú bóòtù tó gbé pọ́ǹpù náà ró nìkan, kí o fi okùn so òun àti hóòsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gáàsì rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń tú síta.

Ẹ́ńjìnì kékeré onípístínì mẹ́rin lè wọn nǹkan bí 100 sí 150 kílò. Bí gíábọ́ọ̀sì bá so mọ́ ọn, ó lè kọjá 200. Yá kíréènì ẹ́ńjìnì, kí o sì ka ohun tí wọ́n kọ sára apá rẹ̀: bí o bá ṣe ń fa apá náà gùn sí i ni ìwúwo tó lè gbé ń dín kù. Kíréènì tí wọ́n kọ tọ́ọ̀nù méjì sí lè má gbé ju ìdámẹ́rin rẹ̀ lọ bí apá bá gùn dópin. Má ti orí tàbí ọwọ́ bọ abẹ́ ohun tó so rọ̀. Má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan, àní kí o kàn fẹ́ mú bóòtù tó bọ́. Irin ìgbéró ni kí ó gbé e. Mo mọ ẹni tó fi èyí ṣeré, n kò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàyí o, ibi tó dùn mí jù. Gíábọ́ọ̀sì ọtòmátíìkì ni tìrẹ, ó sì ní ohun kan tó dà bí ìkòkò pẹlẹbẹ láàárín òun àti ẹ́ńjìnì, tí à ń pè ní torque converter. Ìkòkò yìí máa ń wọ inú gíábọ́ọ̀sì ní ìpele. O máa ń tì í, o máa ń yí i, yóò wọlé díẹ̀, yóò dún “kọ̀”. O tún yí i, yóò tún wọlé. Nígbà tí mo ń dá tèmi ṣe, mo gbọ́ “kọ̀” lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbà pé ó ti tó. Mo gbé ẹ́ńjìnì sún mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Àlàfo kan ṣẹ́ kù láàárín wọn, kò ju ìbú ìka kan lọ. Mo ní ìpata ló mú un. Mo fi bóòtù méjì fà wọ́n pọ̀, lápá ọ̀tún díẹ̀, lápá òsì díẹ̀. Wọ́n ń sún mọ́ra, inú mi ń dùn. Ni mo bá gbọ́ ohùn kan, kékeré báyìí, bíi ti ẹni tó fọ́ ẹ̀kùrọ́. Mo gbọ́ ọ o, àmọ́ mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo parí gbogbo rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́, mo pariwo, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Mo sọ ọ́ sí jíà, ọkọ̀ kò mira. Mo sọ ọ́ sí ríbáàsì, kò mira. Ìgbà tí mo wolẹ̀, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ti di adágún. Pọ́ǹpù inú gíábọ́ọ̀sì ni mo ti fọ́. Ọ̀gá mi kò bú mi. Ó ní kí n tú u, mo tú u. Ó gba pọ́ǹpù tó fọ́ náà, ó fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri lókè ibi tí mo máa ń jókòó sí, ibẹ̀ ló sì wà títí mo fi gba òmìnira.

Torí náà, kí ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì fojú kojú láìsí àlàfo kankan, pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kí o tó fi bóòtù kankan mú wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pàdé, kí ìkòkò náà ṣì lè yí fàlàlà, kí o tó fi bóòtù tirẹ̀ mú un. Bí àlàfo bá wà, ohun kan kò tíì wọlé. Fà á sẹ́yìn, wò ó. Bóòtù kì í ṣe ohun tí a fi ń fà wọ́n pọ̀.

Ọjọ́ ìtanná, da ọ́ìlì àti omi rédíétọ̀ sí i, fi fílítà tuntun sí i, yọ fúùsì pọ́ǹpù epo, kí o sì yí sítátà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀díẹ̀, kí o máa sinmi láàárín, títí iná ọ́ìlì inú dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi kú. Ìgbà náà ni kí o dá fúùsì padà. Kí ẹnì kan dúró tì ọ́ pẹ̀lú ohun ìpaná lọ́wọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣiṣẹ́ tí iná ọ́ìlì kò sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, pa á lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o máa rọ omi kún un, kí o ṣí híítà inú ọkọ̀ sí gbígbóná, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú ọ̀nà omi lè jáde. Omi yóò máa lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, máa wò ó láràárọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Ìwọ pàápàá mọ ohun tí omi lè fojú ẹni rí.

Kí n má gbàgbé: ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ọ, kí o sì lọ tún ìwé rẹ ṣe.

~

Ìyá Onísípánà, mo kí yín. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ mi ọkùnrin ló bá mi pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mi. Gbogbo nǹkan pé. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́, sítátà á kàn máa fà bí ẹni tó ń sunkún, iná iwájú á ṣókùnkùn, lánàá sì ni wáyà irin tí mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ fún epo gbóná, èéfín jáde lára rẹ̀. A ti ra bátìrì tuntun, kò yàtọ̀. Kí ni kí a ṣe?

Èmi ni, Bàbá Olùkọ́

Bàbá, ẹ kú ìnáwó bátìrì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún yí kọ́kọ́rọ́ yẹn. Wáyà nípọn kan wà, ìgbà mìíràn ó máa ń dà bí okùn irin tí wọ́n hun, tó so ara ẹ́ńjìnì mọ́ ara ọkọ̀. Wáyà ẹ̀ẹ̀tì ni. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnì jókòó lé, rọ́bà kò sì gbé iná kọjá, nítorí náà wáyà yẹn ni ọ̀nà tí iná sítátà ń gbà padà sí bátìrì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ó wà nínú gáréèjì yín níbì kan, tàbí kí wọ́n ti fi í mú orí ọ̀dà tí kò jẹ́ kó fara kan irin. Nígbà tí iná kò rí ọ̀nà rẹ̀, ó gba ara wáyà tọ́rọ́tù, èyí tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ fún epo, kọjá, ìyẹn sì tínínrín jù fún un. Ẹ so ẹ̀ẹ̀tì náà padà, ẹ fi sáńpépà ha ibi tó jókòó lé títí irin yóò fi dán, kí ẹ sì pààrọ̀ wáyà tọ́rọ́tù tó ti jóná kí ó má lọ há lójú ọ̀nà. Ẹ má bínú sí ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí à ń gbàgbé nídìí iṣẹ́ yìí, òun ni mo ti rí jù.

~

Mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọkọ mi sọ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wa kalẹ̀ láti oṣù méje sẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ fúnra òun pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tuntun wà lábẹ́ tapólíìnì. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó ní nǹkan kékeré ló kù. Ṣé kí n pe mẹkáníìkì wá láìsọ fún un?

Èmi ni, Ìyàwó Onítapólíìnì

Ọmọ mi, má pe ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Yóò dun ọkùnrin náà ju bí ẹ́ńjìnì ṣe dùn ún lọ, mẹkáníìkì pàápàá kì í sì fẹ́ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn tú. Àwa kò mọ ibi tí ó fi nǹkan sí, wákàtí tí a ó fi wá a ni a ó sì gba owó lé lórí.

Lálẹ́ òní, bá a jókòó, kí o sì bi í ní ìbéèrè kan péré: “Níbo ni àwọn bóòtù wà?” Bí ó bá fi ọ̀rá tí wọ́n kọ nǹkan sí lára hàn ọ́, òótọ́ ló ń sọ, nǹkan kékeré ló kù, ẹnì kejì tí yóò bá a di ẹ́ńjìnì mú ló ń wá tí kò lè sọ. Wọ bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀, kí o bá a di í mú lọ́jọ́ Sátidé. Bí abọ́ kan ló gbé jáde, tí gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra, a jẹ́ pé ìtìjú ló ń dá a dúró láti oṣù méje. Má rẹ́rìn-ín. Tẹ́ aṣọ àtijọ́ kan sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì to bóòtù náà ní gígùn sí gígùn, sísanra sí sísanra. Èyí tí ẹ kò bá mọ ilé rẹ̀, ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ kọ irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.